Wọ́n fẹ́ ta axolotl fún ilé-ìwé wa ní Ṣàgámù. Ṣé ó lè gbé nínú ooru wa?

Tíṣà_Bàọ́lọ́jì (Ṣàgámù)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan délẹ̀ níbi iṣẹ́ mi, mo sì fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn tó mọ̀ kí n tó dá ọ̀gá mi lóhùn.

Àwọn ọmọ JSS 2 wa rí axolotl nínú géèmù Minecraft. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀dá inú omi kan ni. Ó jọ alángbá, orí rẹ̀ fẹ̀, kò ní ìpéǹpéjú, ó sì ní ìyẹ́ pupa mẹ́ta-mẹ́ta lápá ọ̀tún àti òsì ọrùn. Ẹnu rẹ̀ ká lọ sókè, ojoojúmọ́ ló máa ń dà bíi pé ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ní àfi ká ra ọ̀kan sí láàbù. Ìyá tó ni ilé-ìwé gbọ́, ó dùn mọ́ wọn nínú, wọ́n ní àwọn òbí yóò rí i pé tiwa yàtọ̀. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ l'Ékòó sọ pé méjì wà lọ́wọ́ òun, funfun kan, dúdú kan, pé kò ní wàhálà kankan, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹja lásán ni.

Láàbù wa kò ní éésì. Fáànù méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Omi bọ́hóòlù là ń lò. Ti iná, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí. Mo ti kà á pé bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gé, òmíràn á hù, mo sì rò pé ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn fún àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó lè gbé lọ́dọ̀ wa, àbí owó olówó la fẹ́ dà sínú omi?

ỌmọÒkèAjé (Ìjẹ̀bú-Òde)

Tíṣà, mo gbọ́ pé jíjẹ ni àwọn ará Mẹ́síkò ń jẹ ẹ́ láyé àtijọ́. Ẹ ṣọ́ ẹni tó ń se ìkókoré nílé-ìwé yín o 😂

Èló tiẹ̀ ni wọ́n pè é?

Tíṣà_Bàọ́lọ́jì (Ṣàgámù)

Iye tí wọ́n dá lé méjèèjì ju owó oṣù mi lọ. Ẹ jẹ́ ká fi í mọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Ẹlẹ́ja (Èríwè)

Tíṣà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Èmi kò sin axolotl rí. Ẹja àrọ̀ ni mo ń sìn ní abúlé ẹlẹ́ja wa níbí, àmọ́ omi lomi ń jẹ́. Kí ẹ tó bèèrè nǹkan mìíràn, ẹ ra tẹmọ́mítà. Ẹ pọn omi sínú báàfù, ẹ gbé e sí ibi tí ẹ fẹ́ gbé àpótí gíláàsì tí ẹran náà á máa gbé sí gan-an, kí ẹ wò ó ní aago méjì ọ̀sán. Nọ́ńbà tí ẹ bá bá níbẹ̀ ni ìdáhùn yín.

Àrọ̀ tèmi ń fẹ́ ìwọ̀n 26 sí 30. Bí ọyẹ́ bá mú, tí omi tutù, oúnjẹ kì í wù wọ́n jẹ mọ́. Ohun tí mo gbọ́ nípa ẹ̀dá tiyín yìí, òdìkejì rẹ̀ ni.

Ọmọ_Ìkẹ́nnẹ́ (Manchester)

Ẹ ṣé Màmá, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ mi ọkùnrin ń sin ọ̀kan níbí. Òun ló ni ín lẹ́nu, èmi ni mò ń fọ gíláàsì.

Omi tó wà ní ìwọ̀n 16 sí 18 ló fẹ́. Ó lè fara da 20. Bó bá ti ń kọjá 22, ìyà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó bá pẹ́ ní 24 sókè, àìsàn á dé, èyí tó kù kò dùn-ún sọ. Níbí, yàrá tí a kì í tan ẹ̀rọ ooru sí la gbé e sí, ìlú ló ń bá wa mú omi tutù lọ́pọ̀ oṣù. Síbẹ̀, bí oòrùn oṣù Keje bá ràn fún ọjọ́ mélòó kan, ojú mi máa ń rí nǹkan. Á kọ́kọ́ kọ oúnjẹ. Ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ á ká wá síwájú, ṣóńṣó ìrù rẹ̀ náà á ká. Lẹ́yìn náà á máa sá gòkè wá gbé afẹ́fẹ́ mì léraléra, torí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kì í gba òkísíjìn sára tó omi tútù. Nígbà náà ni mo máa ń kọ fáànù sí ojú omi, tí mo sì máa gbé ike omi dídì lé e lójú omi, ọ̀kan á yọ́, èkejì á jáde nínú fíríìsà.

Ti oúnjẹ, ekòló ló fẹ́ràn jù. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà, òórùn àti mímì omi ló fi ń mọ̀ pé nǹkan wà níwájú òun. Mo máa ń fi ẹ̀mú gígùn mú ekòló lọ síwájú imú rẹ̀. Á dúró jẹ́ẹ́, wàá rò pé kò mọ̀. Lójijì ẹnu á là gbàù, omi àti ekòló á wọlé pọ̀, ìdajì ekòló á ṣì máa yí lẹ́nu rẹ̀, á tún ṣe gbàù lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tán. Kì í rún nǹkan lẹ́nu, ńṣe ló ń fà á wọlé odindi. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ gíláàsì rẹ̀. Á gbé e mì mọ́ oúnjẹ, á sì dí i nínú. Iyanrìn kíkúnná ni, tàbí kí ìsàlẹ̀ wà lófìfo.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé ẹ lè kó o pọ̀ mọ́ ẹja kéékèèké. Ẹja á máa já ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ jẹ, òun náà á sì gbé ẹja mì. Ìjà ọ̀fẹ́.

Dókítà_Ẹranko (Abẹ́òkúta)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi ń fẹ́ òtútù bẹ́ẹ̀, torí àwọn ènìyàn máa ń rò pé ìlú olóoru ni Mẹ́síkò, pé kí ló wá dé.

Adágún Xochimilco, ní ìhà gúúsù Mexico City, nìkan ni ibi tí axolotl tí ènìyàn kò sìn ṣẹ́kù sí nínú ayé. Ó wà ní Chalco tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọ́n ti fa omi ibẹ̀ gbẹ. Ìlú yẹn ga ju ojú òkun lọ ní ohun tó lé ní 2,200 mítà. Gíga yẹn ló ń mú omi tutù yípo ọdún. Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ńkọ́? Ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Omi kànga wa pàápàá, tí a ní ó tutù, kì í fẹ́ wá sílẹ̀ ju 25 lọ.

Ní 1998, àwọn tó kà á ní Xochimilco rí nǹkan bí 6,000 nínú kìlómítà kan níbùú lóròó. Nígbà tó fi máa di 2008, ó ti wá sí nǹkan bí 100. Ìdọ̀tí ìlú wà lára ohun tó fà á, ẹja carp àti tilápíà tí wọ́n kó dà síbẹ̀ náà sì ń jẹ ẹyin àti ọmọ rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ gbọ́ o: tilápíà ilẹ̀ Áfíríkà ló lọ bá a nílé níbẹ̀.

Ìyẹn kò wá túmọ̀ sí pé axolotl ṣọ̀wọ́n nínú gíláàsì. Ní 1864, wọ́n kó mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n láti Mẹ́síkò lọ sí Paris. Auguste Duméril, onímọ̀ ẹranko ará Faransé, gba díẹ̀ nínú wọn, ó sì mú wọn bí síi ní Jardin des Plantes, ọgbà ìwádìí kan ní ìlú náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń tà káàkiri ayé lónìí, ìdílé wọn kò kọjá àwọn yẹn. Àwọn funfun tí ìyẹ́ ọrùn wọn pupa, láti ọ̀dọ̀ akọ kan nínú wọn ni àwọ̀ yẹn ti wá. Nínú adágún, dúdú tó dà pọ̀ mọ́ ẹrẹ̀ ni wọ́n.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni: ohun tó ya gbogbo wa lẹ́nu nípa rẹ̀ ni pé kì í dàgbà tán. Ọ̀pọ̀lọ́ tiwa, inú omi ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á ní ìrù, á wá hu ẹsẹ̀, ìrù á wọlé, á jáde sí orí ilẹ̀. Axolotl á hu ẹsẹ̀ o, á tóbi tó 23 sẹ̀ńtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á yé ẹyin, ṣùgbọ́n ìyẹ́ ọrùn tó fi ń mí nínú omi kò ní kúrò, kò sì ní jáde. Omi ara tí ẹṣẹ́ ọrùn, ìyẹn tírọ́ọ̀dì, ń tú jáde ni kò tó láti tì í jáde. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn tírọ́ọ̀dì, á yí padà di ẹran orí ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dán ìyẹn wò nílé o. Ó máa ń gé ẹ̀mí wọn kúrú.

Sólà_Ìjẹ̀bú (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ má dẹ́rù ba Tíṣà jù. Mo ń sin ọ̀kan níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ń jẹun lówùúrọ̀ yìí. Yàrá kékeré kan ni mo yà sọ́tọ̀ fún un, mo fi éésì sí i, mo ra ẹ̀rọ amómitutù, gbogbo ẹ̀ wà lórí sólà. Omi rẹ̀ kì í kọjá 19. Ohun tó bá wu ènìyàn, tó bá lówó lọ́wọ́, kò sí ohun tí kò ṣeé ṣe. Ṣé àwọn tó ń sin ajá òyìnbó onírun púpọ̀ kò sí ní Ìjẹ̀bú ni?

Ìyá_Ẹlẹ́ja (Èríwè)

Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó ní kò ṣeé ṣe fún ẹ. Ṣùgbọ́n sọ fún wa: tí ínfátà bá yọnu lóru ńkọ́?

Sólà_Ìjẹ̀bú (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ó ti yọnu rí, Mà. Mo fi kúlà tí a fi ń ru omi tútù lọ síbi àríyá ṣe ilé fún un títí ilẹ̀ fi mọ́, mo ń fi yìnyín omi onírọ́bà kún un díẹ̀díẹ̀ kó má baà tutù lójijì. N kò sùn. Ó yè é.

Ìyá_Ẹlẹ́ja (Èríwè)

Ìwọ lo kò sùn yẹn. Gáàdì ilé-ìwé ńkọ́? Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Fráìdè, á pa iná láti ìdí, á ti géètì, ó di Mọ́ńdè. Ọlidé gígùn wá ńkọ́, láti Keje dé Ọ̀wẹ́wẹ̀? Ẹ̀dá yìí ń lò tó ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láyé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ọmọ mi tó mọ̀wé ni. Àwọn JSS 2 yìí á ti gbọyè tán, á ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń sin nǹkan nínú ilé ara rẹ̀ kò dà bí ẹni tó ń sin ín ní ibi tí ọwọ́ gbogbo ènìyàn wà.

Tíṣà_Bàọ́lọ́jì (Ṣàgámù)

Màmá, ẹ̀rín pa mí, gáàdì wa lẹ ń sọ yẹn gẹ́lẹ́.

Mo ti ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Báàfù omi nínú láàbù, aago méjì ọ̀sán: 29. Mo tún wò ó ní aago méje àárọ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn: 27. Oòrùn ò tíì mú tó ti oṣù Kejì o. Mo kọ fáànù sí i ní gbogbo ọ̀sán kan, ó bọ́ sí 26, ó dúró síbẹ̀.

Dókítà_Ẹranko (Abẹ́òkúta)

Fáànù kì í ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tó ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ ló ń gbé ooru kúrò, afẹ́fẹ́ Ìjẹ̀bú sì ti kún fún omi tẹ́lẹ̀, pàápàá lásìkò òjò. Nígbà ọyẹ́ ló máa ń ṣiṣẹ́ jù.

ỌmọÒkèAjé (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ jẹ́ n bi Dókítà ní ìbéèrè òpè. Ọmọńlé tó wà lára ògiri wa, tí ìrù rẹ̀ bá já, òmíràn ń hù. Kí ló wá ṣe pàtàkì nínú ti axolotl? Àti pé ká ní ilé-ìwé rà á, ṣé tíṣà ò lè gé ìka kan péré kí àwọn ọmọ máa wo bó ṣe ń hù?

Dókítà_Ẹranko (Abẹ́òkúta)

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe ti òpè. Ìrù kejì tí ọmọńlé ń hù, kò ní eegun. Eegun rírọ̀ bíi ti etí wa (cartilage) ló rọ́pò ọ̀pá ẹ̀yìn níbẹ̀, ẹ ó sì rí i pé àwọ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu. Tó bá sì jẹ́ ẹsẹ̀ ni ọmọńlé pàdánù, ó lọ nìyẹn. Axolotl máa ń hu odindi ẹsẹ̀ padà, pẹ̀lú eegun, iṣan, àti ìka. Ó ń tún ọ̀pá ẹ̀yìn ṣe, ó ń tún apá kan ọkàn àti ọpọlọ ṣe. Ìdí tí wọ́n fi ń sin ín ní àwọn yunifásítì nìyẹn. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn ilé ìtọ́jú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wà ní University of Kentucky. Ní 2018, wọ́n parí kíka ìwé jíìnì rẹ̀, wọ́n bá a ní lẹ́tà bílíọ̀nù méjìlélọ́gbọ̀n, ìyẹn ìlọ́po mẹ́wàá tènìyàn.

Ìbéèrè kejì: rárá. Ọgbẹ́ ni, ó ń dùn ún, ara rẹ̀ sì lè bàjẹ́ ní omi tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn tó ń ṣe é fún ìwádìí ní ìgbìmọ̀ tó ń yẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ wò àti oògùn tí wọ́n fi ń pa ìrora. Ohun tí ẹ óò kọ́ ọmọ JSS 2 lọ́jọ́ náà ni pé a lè gé ẹran láàyè torí pé ó wù wá láti wò ó. Ẹ̀kọ́ yẹn á pẹ́ lórí wọn ju bàọ́lọ́jì lọ.

ỌmọÒkèAjé (Ìjẹ̀bú-Òde)

Mo gbọ́, Dókítà. Mo ti kó ọ̀bẹ mi nílẹ̀.

Ọmọ_Ìkẹ́nnẹ́ (Manchester)

Kó tó di pé ẹnikẹ́ni fowó sílẹ̀: Tíṣà, ẹ bi ọkùnrin Èkó yẹn bóyá ó ní ìwé.

Tíṣà_Bàọ́lọ́jì (Ṣàgámù)

Mo bi í. Ó ní "ìwé wo?"

Dókítà_Ẹranko (Abẹ́òkúta)

Axolotl wà nínú Àfikún Kejì àdéhùn CITES, èyí tó ń ṣọ́ káràkátà àwọn ẹ̀dá tó lè run, Nàìjíríà sì wà nínú àdéhùn náà. Tí wọ́n bá kó o la bodè kọjá, ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e láti orílẹ̀-èdè tó ti wá. Ilé-ìwé kò gbọdọ̀ ra ohun tí wọ́n kó wọlé ní kọ̀rọ̀. Nǹkan kejì ni àìsàn. Olu kan wà tí ń jẹ́ chytrid tó ti pa àkèré àti ọ̀pọ̀lọ́ lọ rẹpẹtẹ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé, ẹ̀dá bíi axolotl sì lè máa gbé e kiri. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ní ín tó sú u, kó má lọ dà á sódò, kó má sì da omi gíláàsì rẹ̀ sí gọ́tà. Kò sí ẹ̀yà rẹ̀ kankan ní Áfíríkà níhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó lè bá wọlé.

Sólà_Ìjẹ̀bú (Ìjẹ̀bú-Òde)

Tèmi ní ìwé o, kí ẹnikẹ́ni má wò mí bẹ́ẹ̀ 😅

Alábòójútó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń ta nǹkan síbí. Mo ti yọ méjì kúrò.

Ìyá_Ẹlẹ́ja (Èríwè)

Ọ̀rọ̀ omi ṣì kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Tíṣà ní bọ́hóòlù ni wọ́n ń lò. Kò ní kilorínì, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi abẹ́ ilẹ̀ lágbègbè wa sábà máa ń ní ásíìdì, kò sì ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú. Láìmù, ìyẹn ìyẹ̀fun ẹfun, la máa ń fi tún pọ́ńdù ṣe. Ẹni tó bá ń sin ohunkóhun nínú gíláàsì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kó ẹ̀mí sí i.

Amóníà náà wà níbẹ̀. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ àjẹkù ló ń dà á. Àrọ̀ lè yọ imú sókè gba afẹ́fẹ́, ara rẹ̀ le, síbẹ̀ a ti ń sá fún amóníà. Ẹ̀dá tí awọ rẹ̀ rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ìyẹ́ tó fi ń mí wà níta gbangba, amóníà díẹ̀ á jó o. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ló ń sọ amóníà di náítíráìtì, wọ́n á tún sọ ìyẹn di náítíréètì tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Inú fílítà ni wọ́n ń gbé, ó sì máa ń gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ta ni oníṣòwò tó máa sọ fún yín pé ẹ máa tọ́jú omi òfìfo fún oṣù kan ná kí ẹ tó wá gba ẹran? Ó fẹ́ tajà lónìí.

Ọmọ_Ìkẹ́nnẹ́ (Manchester)

Òótọ́ pọ́ńbélé. Ẹyọ kan ń fẹ́ gíláàsì tó gba omi lítà 75 ó kéré tán. Kìló 75 nìyẹn láìka gíláàsì fúnra rẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ tábìlì láàbù yín dáadáa.

Bàbá_Ìpẹru (Ìpẹru)

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe fẹ̀yìn tì. Kò sí ẹ̀rọ amómitutù kankan nígbà náà, igò kọfí ńlá la fi ń kọ́ ọmọ.

Tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, ẹ lọ sí ibi tí omi dúró sí lẹ́yìn ilé-ìwé. Ẹ ó rí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ bí okùn ìlẹ̀kẹ̀ dúdú, gígùn, ó lọ́ mọ́ koríko, ó wà nínú nǹkan tó ń yọ̀ tó sì mọ́ kedere. Ti àkèré máa ń ṣù pọ̀ ni. Ẹ gé díẹ̀ nínú okùn yẹn, kì í ṣe gbogbo ẹ̀, kí ẹ gbé e pẹ̀lú omi ibẹ̀ sínú gíláàsì. Láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n á ti máa mì. Ẹ se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ rọ̀, ẹ fún wọn díẹ̀, kí ẹ kó àjẹkù kúrò. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ yọ. Ti iwájú ti wà lábẹ́ awọ tẹ́lẹ̀, ẹ óò rí i tó ń yọ kókó, lọ́jọ́ kan á bẹ́ jáde, ìgbà mìíràn apá kan á ṣáájú èkejì, àwọn ọmọ á máa pariwo. Ìgbà tí ìrù bá ti ń wọlé, ẹ fi òkúta kan sínú gíláàsì kó yọrí lójú omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á rì.

Gbogbo ohun tí Dókítà ń sọ nípa tírọ́ọ̀dì, ojú ọmọ á rí i. Ìwọ̀n 27 tí Tíṣà bá nínú báàfù, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ọ̀pọ̀lọ́. Tó bá parí, ẹ dá wọn padà sí ibi tí ẹ ti kó wọn. Gáàdì kò ní iná tó máa pa.

Dókítà_Ẹranko (Abẹ́òkúta)

Bàbá, ẹ kú làákàyè. Ọ̀pọ̀lọ́ yẹn náà sì ni WAEC ń béèrè lọ́wọ́ wọn níwájú, axolotl kọ́.

Bí ìyá tó ni ilé-ìwé bá ṣì fẹ́ ohun tí òbí á rí tí ẹnu á yà á, ẹja odò tiwa kan wà tí àwọn oníṣòwò ẹja ọ̀ṣọ́ ń pè ní bichir, Polypterus senegalus ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ó gùn, ara rẹ̀ le, ó ní ẹ̀dọ̀fóró tó fi ń gba afẹ́fẹ́, lẹ́bẹ́ kéékèèké sì tò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó wà ní ọmọdé, ó máa ń ní ìyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí bíi ti axolotl, kan lọ́tùn-ún, kan lósì, kó tó wọlé bó ṣe ń dàgbà. Lẹ́bẹ́ rẹ̀ tó bá já máa ń hù padà pẹ̀lú eegun inú rẹ̀. Omi ìwọ̀n 25 sí 28 dùn mọ́ ọn. Ẹ kàn dé gíláàsì dáadáa, torí ó mọ bí a ṣe ń bẹ́.

ỌmọÒkèAjé (Ìjẹ̀bú-Òde)

Àní ó wà nílé tipẹ́, a ń lọ wá a lọ sí Mẹ́síkò.

Sólà_Ìjẹ̀bú (Ìjẹ̀bú-Òde)

Èmi ò ní ta tèmi o. Àmọ́ Tíṣà, tí ẹ bá fẹ́ kó àwọn ọmọ yẹn wá wò ó lọ́jọ́ kan, mélòó kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀. Kí wọ́n má fọwọ́ kàn án ṣá. Awọ rẹ̀ máa ń tètè bó, iyọ̀ ọwọ́ àti ìpara ń bà á jẹ́. Kí wọ́n sì fọ ọwọ́ bí wọ́n bá fọwọ́ kan omi rẹ̀, torí kòkòrò àìsàn tí ń jẹ́ salmonẹ́là.

Tíṣà_Bàọ́lọ́jì (Ṣàgámù)

Ẹ ṣé gan-an, Ọ̀gá Sólà. Ìyẹn á tu àwọn ọmọ lára.

Mo ti bá ìyá tó ni ilé-ìwé sọ̀rọ̀. Mo fi nọ́ńbà tẹmọ́mítà hàn wọ́n, mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹlẹ́ja nípa gáàdì fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n bínú díẹ̀ nítorí pé wọ́n ti sọ fún àwọn òbí kan ní ìpàdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní iye tí ẹ̀rọ amómitutù àti sólà á gbà, wọ́n ní kí n dákẹ́, pé ó ti tó. Wọ́n fọwọ́ sí ọ̀pọ̀lọ́ fún sáà yìí, ti bichir di sáà tó ń bọ̀. Òjò rọ̀ lálẹ́ àná, a ti rí okùn ẹyin méjì lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo ti fi páálí kọ "Ẹ má da omi ọṣẹ síbí" gbé e síwájú àwọn ìyá olóúnjẹ.

Ohun tó kù ni gíláàsì. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Sábọ̀, owó tí wọ́n pè kò ṣeé gbọ́ sétí. Ta ló ní àlòkù?

Ìyá_Ẹlẹ́ja (Èríwè)

Mo ní ọ̀kan tí mo fi ń ya àwọn ọmọ ẹja tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀. Igun kan ń jò. Sílíkóònù ló ń fẹ́, ẹ ra èyí tí kò ní oògùn olu nínú, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó da omi sí i. Ẹ wá gbé e ní Sátidé, kó má jẹ́ ọ̀sán, mo máa ń wà lóko. Ẹ mú ẹni tó máa bá yín gbé e dání, ó wúwo.

Tíṣà_Bàọ́lọ́jì (Ṣàgámù)

Èló, Mà?

Ìyá_Ẹlẹ́ja (Èríwè)

Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ tí apá àkọ́kọ́ bá bẹ́ jáde.